Ẹ̀rọ Kan Kò Tó Ẹlẹ́rìí

Àwọn àgbà ní, agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ènìyàn méjì bá ń jà, tí a gbọ́ ti ọ̀kan, tí a kò gbọ́ ti èkejì, ìdájọ́ tí a bá ṣe kò lè gún. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni àwọn àgbà fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní tí ẹ̀rọ ń bá wa ṣírò owó, tí ó ń bá wa ka ọjà, tí ó sì ń bá wa tọ́jú àkọsílẹ̀, ó yẹ kí a máa pa òwe náà fún ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wọn sọ ni ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń sọ ohun kan lórí ẹ̀rọ kan, tí ó sì ń sọ ohun mìíràn lórí ẹ̀rọ kejì, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni a kọ, àkọsílẹ̀ kan náà ni a sì fún un kà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lè fi í ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá mọ Takie mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́: mọ́tò ń lọ, ọ̀kadà ń bọ̀, ọlọ́jà ń polówó, olóko ń wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH lónìí sílẹ̀ ní ìlú wa ní 1990, àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò wọ́n láàárín wa mọ́. Àwọn kan ní láptọ́ọ̀pù. Àwọn tí kò ní, orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ ètò wọn, nítorí pé ohun èlò kan wà tí a ń pè ní Termux, tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè fi èdè C ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android. Orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó 200. Oṣooṣù ni wọ́n ń dáwó, ẹni tí ó bá sì ní bùkátà a yá nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wọn kọ ètò tí yóò máa ṣírò owó náà, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé ńlá tí eku ń jẹ. Èdè C ni ọmọ náà fi kọ ọ́. Orí láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tí ó ń lo Windows, tí ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ni ó ti kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dán an wò, iye tí ó wà nínú ìwé akápò gan-an ni ẹ̀rọ náà sì ń pè. Gbogbo ènìyàn kí ọmọ náà kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún, iná kò sí, bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì ti kú tipẹ́. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà. Ó gbé ètò náà sórí fóònù rẹ̀, ó sì ní kí ó ṣírò. Owó tí ó wà lọ́wọ́ akápò àti ní báńkì jẹ́ ₦3,184,000. Fóònù ní kí ó jẹ́ ₦3,196,500. Ó fi ₦12,500 ju ohun tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ilé pa lọ́lọ́. Alhaja tí ó jẹ́ akápò, tí ó ti ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ náà láti ọdún pípẹ́ láìsí àríwísí, kò mọ ohun tí ì bá sọ. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ni ó sọ pé, "Kọ̀ǹpútà kì í sáà purọ́." Gbólóhùn kékeré yẹn ni ó dùn ún wọ eegun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àmánà jẹ́ láàárín wa. Ọ̀rọ̀ iye owó kọ́. Bí ó jẹ́ ₦50 ni wọ́n bá fura sí ènìyàn lé lórí, orúkọ ti bàjẹ́ náà nìyẹn.

Alága ẹgbẹ́ ni ó ní kí àwọn méjèèjì wá bá mi. Mo dìde nígbà tí Alhaja wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà."

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. N kò wá jókòó. Ẹ̀rọ ni mo wá bi léèrè. Kí ó sọ ibi tí mo kó ẹgbẹ̀rún méjìlá àbọ̀ lọ fún mi."

Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó tún ìṣirò náà ṣe lójú wa, kí ó má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó kàn tún un ṣe. Fóònù ní ₦3,171,000. Mo ní kí ó tún un ṣe. Ó ní ₦3,184,000. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ₦3,190,000. Alhaja wo fóònù, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀rọ tí ó pe iye mẹ́ta fún owó kan ṣoṣo, òun ni wọ́n ní kì í purọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìwádìí àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Kí ẹ tó fi ohun tí ẹ̀rọ sọ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí ó tún un sọ. Bí àkọsílẹ̀ kò bá yí padà, tí ètò kò yí padà, tí ìdáhùn sì ń yí padà, inú ètò náà ni àrùn wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ètò náà ń kà lé ní 2,400 lọ́dún kan: owó dídá àti owó yíyá. Ọmọ náà rò pé bí ẹnì kan bá ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò pẹ́. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì ní kí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thread mẹ́rin máa kà á pọ̀. Òwú ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ kàn rí i bí akọ̀wé mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Èrò rẹ̀ kò burú. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn akọ̀wé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ àròpọ̀ sórí pátákó kan ṣoṣo.

Bí akọ̀wé bá fẹ́ ro ₦2,000 mọ́ ohun tí ó wà lórí pátákó, ọwọ́ kan ni ó jọ lójú wa, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni lọ́dọ̀ ẹ̀rọ: yóò ka iye tí ó wà níbẹ̀, yóò ro ó sínú ara rẹ̀, yóò sì padà wá kọ èyí tí ó rí. Ká sọ pé ₦40,000 ni ó wà lórí pátákó. Akọ̀wé kìíní kà á, ó ń ro ₦2,000 tí ẹnì kan dá mọ́ ọn. Kí ó tó kọ ọ́, akọ̀wé kejì náà ka ₦40,000, ó ń yọ ₦5,000 tí ẹlòmíràn yá kúrò. Akọ̀wé kejì kọ ₦35,000. Akọ̀wé kìíní dé, ó pa á rẹ́, ó kọ ₦42,000. Iye tí ó tọ́ ni ₦37,000. Owó tí wọ́n yá ti sọnù nínú ìṣirò, ó wá dà bí ẹni pé ó yẹ kí ₦5,000 sí i wà lọ́wọ́ akápò. Bí ó bá jẹ́ owó dídá ni ó sọnù, iye náà yóò dín. Ìdí nìyí tí fóònù fi ń pe iye tí ó pọ̀ jù nígbà kan, tí ó sì ń pe èyí tí ó kéré jù nígbà mìíràn. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní data race. Eré ìje lórí ohun àjùmọ̀ní ni. Ẹni tí ó bá kọ ti rẹ̀ kẹ́yìn ni tirẹ̀ ń dúró.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí Alhaja bi mí, tí ó sì jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ: "Kí ló dé tí èyí tó wà ní ọ́fíìsì kò ṣe bẹ́ẹ̀?"

Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ti dàgbà. Ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó ní. Fóònù ọmọ náà ní mẹ́jọ. Lórí ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ kan, àwọn akọ̀wé mẹ́rin kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà rárá. Ẹ̀rọ ń fún wọn láàyè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àyè tí ó sì ń fún ẹnì kan, bí ó tilẹ̀ kéré gan-an lójú wa, ó pọ̀ tó láti ka 600 ìlà tán kí ó tó kan ẹlòmíràn. Nítorí náà, wọn kò pàdé nídìí pátákó. Ẹ wo Takie. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tóóró kan ni ó wọ ibẹ̀, tí mọ́tò kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò méjì kò ní kọlu ara wọn láéláé. Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ mọ òfin. Ojú ọ̀nà ni kò gbà wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá la ọ̀nà sí mẹ́jọ ni a ó mọ ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àṣìṣe náà wà nínú ètò láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò wò ó sàn, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Láti fi èyí hàn, mo gbé ètò náà sórí ẹ̀rọ tèmi, tí ó ní ọpọlọ méjì, tí ó sì ń lo Linux. Mo ní kí ó ṣírò ní ìgbà 1,000. Ìgbà 137 ni ó ṣì í. Mo wá dín àwọn akọ̀wé kù sí ẹyọ kan, mo tún un ṣe ní ìgbà 1,000. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí kejì nìyẹn. Bí ó bá tọ́ pẹ̀lú thread kan, tí kò tọ́ pẹ̀lú mẹ́rin, ẹ má wulẹ̀ máa wá ẹ̀bi kiri inú àkọsílẹ̀. Ibi tí àwọn thread ti jọ fọwọ́ kan nǹkan ni kí ẹ wò.

Kí ọmọ náà tó dé ọ̀dọ̀ mi ni ó ti gbìyànjú àtúnṣe. Ó ti fi printf sáàárín ìṣirò, kí ó lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, àṣìṣe náà sì pòórá. Ó yọ printf kúrò, ó padà wá. Irú àìsàn tí ń sá fún dókítà nìyí. Títẹ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ ń fa àwọn thread sẹ́yìn, ó sì ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má baà pàdé. Fífi oorun sáàárín wọn rí bákan náà. Àwọn mìíràn a máa lẹ ọ̀rọ̀ volatile mọ́ ohun àjùmọ̀ní. Ìyẹn kò sọ ìgbésẹ̀ mẹ́ta di ọ̀kan. Ohun tí ó sì mú kí ó léwu ni pé compiler ti Microsoft ń fún volatile ní agbára díẹ̀ sí i lórí ẹ̀rọ irú ti Intel, agbára tí èdè C fúnra rẹ̀ kò ṣèlérí. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e níbẹ̀ yóò dé orí ẹ̀rọ mìíràn, kò ní bá a.

Ohun tí ó yẹ ni kí a pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ orítà. Àwọn compiler GCC àti Clang ní aṣọ́nà kan tí a ń pè ní ThreadSanitizer. Bí a bá fi -fsanitize=thread kọ́ ètò, yóò máa wo gbogbo ìgbà tí thread méjì bá fọwọ́ kan ibì kan náà láìsí àdéhùn láàárín wọn, yóò sì pe nọ́ńbà ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó ń mú kí ètò falẹ̀ ní ìlọ́po 5 sí 15, ó sì ń gba àyè tí ó tó ìlọ́po 5 sí 10 nínú ìrántí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kò dìgbà tí ìdáhùn bá bàjẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ìṣirò tilẹ̀ tọ́ lọ́jọ́ náà, yóò ní, "Ẹni méjì kọ sórí pátákó yìí, kò sì sí ẹni tí ó yẹra fún ẹnì kejì." Lórí ètò ọmọ náà, ìlà kan ṣoṣo ni ó tọ́ka sí, ìlà tí ó ń ro àròpọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò tó ìlà mẹ́wàá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. A lè fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà pátákó, èyí tí wọ́n ń pè ní mutex. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ yóò gba kọ́kọ́rọ́, yóò kọ, yóò sì dá a padà. A lè lo irú nọ́ńbà tí èdè C ń pè ní atomic, tí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ń di ọ̀kan lórí rẹ̀ ní tòótọ́. Tàbí kí a fún akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní pátákó tirẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá parí. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo ní kí ọmọ náà gbà, nítorí pé ohun tí a kò bá jọ ní, a kò lè jà lé e lórí. Àgádágodo náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní méjì gbọ́dọ̀ máa ṣí wọn ní ètò kan náà nígbà gbogbo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan yóò di kọ́kọ́rọ́ kìíní mú, ẹnì kejì yóò di ìkejì mú, wọn yóò sì dúró de ara wọn títí ayé. Mo tún sọ fún un pé fún 2,400 ìlà, thread kan ṣoṣo ti tó; ẹ̀rọ yóò kà á tán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ₦3,184,000 ni fóònù pè ní ìgbà 1,000. Iye kan náà ni láptọ́ọ̀pù méjèèjì pè. Alága kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sọ́dọ̀ wa. Ó pe ìpàdé, ó sì ní kí ọmọ náà fi ètò àtijọ́ ṣírò lójú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n fojú ara wọn rí iye tí ń yí. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaja. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti fura sí i.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní àkókò mìíràn, ọmọbìnrin kan gbé ètò ọjà títà wá. Lórí Windows, kò ní àbùkù. Lórí Linux, orúkọ oníbàárà kan ń lọ sábẹ́ gbèsè ẹlòmíràn. Iṣẹ́ strtok ni, ọ̀rọ̀ inú èdè C tí a fi ń gé ìlà sí wẹ́wẹ́. Strtok ń rántí ibi tí ó gé dé. Lórí Windows, thread kọ̀ọ̀kan ní ìrántí tirẹ̀ fún un. Lórí Linux, ìrántí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, èyí sì ni ìdí tí àwọn ìlà fi ń wọnú ara wọn. A fi strtok_r rọ́pò rẹ̀, ó sì tán. Kì í ṣe pé Linux ni ó burú. Òfin èdè náà kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé thread púpọ̀ lè jọ lo strtok. Windows ni ó kàn ṣàánú.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn wà tí kò kan thread rárá, tí ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Lórí Windows, irú nọ́ńbà tí à ń pè ní long kò ju 32 bit lọ, ṣùgbọ́n lórí Linux òde òní 64 bit ni. Iye tí ó gba àyè nínú èyí lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú ìyẹn. Irú char lè mú iye tí ó dín sí òdo lórí ẹ̀rọ Intel, ṣùgbọ́n kì í sábà mú un lórí ARM, irú èyí tí ó wà nínú fóònù. Àyè tí wọ́n ń fún thread fún ẹrù rẹ̀ náà kò dọ́gba: 8 megabyte ni ó wọ́pọ̀ lórí Linux, 1 lórí Windows, ààbọ̀ megabyte sì ni lórí macOS fún thread tí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ètò tí ó bá gbé ẹrù ńlá lé thread lórí lè rìn níbì kan, kí ó sì ṣubú níbòmíràn.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ètò iṣẹ́. Ká sọ pé a sọ fún thread kan pé, "Kọ owó sínú ìwé, lẹ́yìn náà kí o lu agogo," tí a sì sọ fún èkejì pé, "Bí o bá gbọ́ agogo, lọ ka ìwé." Lórí ẹ̀rọ Intel, bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù yóò rí i. Lórí ARM, thread kejì lè gbọ́ agogo kí ohun tí wọ́n kọ tó hàn sí i nínú ìwé. Compiler fúnra rẹ̀, bí a bá ní kí ó mú ètò yára, lè pààrọ̀ ipò méjèèjì, nítorí pé lójú tirẹ̀ wọn kò kan ara wọn. Àgádágodo tàbí atomic ni a fi ń sọ fún compiler àti ẹ̀rọ pé méjèèjì kan ara wọn.

Ìtàn èdè C ló fa apá kan nínú èyí. Dennis Ritchie ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un ní 1989 kò mẹ́nu ba thread rárá. Ní 1995 ni ìlànà POSIX fún thread jáde fún àwọn ẹ̀rọ irú Unix. Windows ń lo tirẹ̀. Ní 2005, Hans Boehm kọ ìwé kan láti fi hàn pé a kò lè gbé thread ka èdè lórí láti ìta, kí ó sì dúró dáadáa. Àfi kí òfin èdè náà fúnra rẹ̀ dá sí i. Ní 2011 ni òfin tuntun ti èdè C wá sọ ọ́ kedere pé bí thread méjì bá fọwọ́ kan ohun kan láìsí àdéhùn, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn sì ń kọ, ètò náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ohunkóhun ni ẹ̀rọ lè ṣe, kò sì sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́.

Ẹnì kan lè ní ₦12,500 kò tó ohun tí à ń fi ìwé gígùn báyìí kọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irú àṣìṣe yìí ti jẹ ẹ̀mí. Ní Kánádà ni ilé iṣẹ́ Atomic Energy of Canada Limited ti ṣe Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Láàárín 1985 sí 1987, ó fún aláìsàn 6 ní ìtànṣán tí ó pọ̀ ju èyí tí ara lè gbà lọ, ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Nancy Leveson àti Clark Turner tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé bí òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá bá tún ohun tí ó tẹ̀ ṣe kí ìṣẹ́jú-àáyá 8 tó pé, apá kan nínú ètò kò ní mọ̀ pé apá kejì ti yí padà. Ẹ̀rọ tí ó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, ní irú àṣìṣe kan náà nínú, ṣùgbọ́n ó ní ìdènà lára irin rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán jáde lọ́nà òdì. Wọ́n yọ ìdènà náà kúrò lára Therac-25, nítorí wọ́n gbà pé ètò náà ti dáńgájíá. Ohun kan náà ni pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì yẹn: ẹ̀rọ àtijọ́ bò ó, ẹ̀rọ tuntun tú u síta.

Èkejì ni ti iná mọ̀nàmọ́ná. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2003, iná lọ lọ́wọ́ nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 50 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwa tí a mọ ojú òkùnkùn lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí kan nínú àwọn ìdí rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ iná kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ètò tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ dákẹ́ láìsọ pé òun ti dákẹ́. Ètò tí General Electric ṣe ni, orúkọ rẹ̀ ni XA/21. Eré ìje lórí ohun àjùmọ̀ní ni wọ́n bá nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń dà ìkìlọ̀ bò ó. Àyè tí àwọn méjèèjì fi lè pàdé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ètò náà ti fi ju mílíọ̀nù 3 wákàtí ṣiṣẹ́ ní oríṣiríṣi ibi láìjẹ́ pé àṣìṣe náà yọjú.

Mílíọ̀nù 3 wákàtí! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nígbà tí ọ̀kan nínú yín bá tún wí pé, "Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi," ẹ rántí iye yẹn. Pé ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ kò fi hàn pé ó tọ́. Ó fi hàn pé kò tíì bàjẹ́ níbẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Èkíní, kí o tó kọ thread kankan, mú bébà, kí o kọ gbogbo ohun tí àwọn thread yóò jọ fọwọ́ kàn sílẹ̀, kí o sì kọ ẹni tí ó ni ín tàbí àgádágodo tí ń ṣọ́ ọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iwájú rẹ̀ bá ṣófo, ibẹ̀ ni àrùn yóò gbà wọlé. Èkejì, dán ètò rẹ wò lórí ẹ̀rọ tí kò jọ ara wọn: Windows àti Linux, Intel àti ARM, pẹ̀lú ìyára àti láìsí ìyára. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù méjì ní láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ àti fóònù ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, má ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣe é ní ìgbà 1,000. Ẹ̀kẹrin, jẹ́ kí ThreadSanitizer wò ó, kódà bí ìdáhùn bá tọ́. Ẹ̀karùn-ún, bí àṣìṣe bá pòórá láìjẹ́ pé o mọ ìdí tí ó fi pòórá, má ṣe dúpẹ́. Kò lọ, ó sá pamọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí àti àgbà ẹgbẹ́, ohun kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ máa lo ẹ̀rọ, ó ń dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ìwé akápò sí ààtàn ní ọjọ́ tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa yẹ ara wọn wò. Nígbà tí ẹ̀rọ àti olóòótọ́ ènìyàn bá ta ko ara wọn, ẹ bi ẹ̀rọ léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ tó wo ojú ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a bá fẹ̀sùn èké kàn, a ó tún un ṣe, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Orúkọ ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.